Modulator Bluetooth ò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ mi, oníbàárà ò gbọ́ mi, ẹ gbà mí

Bàbá Ìbejì Oníbúrẹ́dì
Ẹ̀yin ará ilé yìí, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jà, inú mi ti bàjẹ́ tó. Búrẹ́dì ni mò ń gbé káàkiri Ìbàdàn. Ìdájí ni mo ti ń kúrò ní ilé búrẹ́dì, n ó gba Ọ̀jọ́ọ̀, Mọ́níyà, Àpẹtẹ̀, kí n tó yí sí Bódìjà. Gbogbo àsìkò yẹn ni àwọn oníbàárà ń pè. "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi fi márùn-ún kún un." "Bàbá Ìbejì, ibo lẹ dé báyìí?" Bí mi ò bá gbé e, wọ́n á ra ti ẹlòmíràn. Bí mo bá sì gbé e, ọwọ́ kan ni mo fi ń wa ọkọ̀ nìyẹn, lójú títì tó kún fún kòtò tí gbogbo wa mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra modulator, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò lítà, tó ń gbé orin àti ìpè láti orí fóònù sínú rédíò ọkọ̀. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi búra pé kò ní wàhálà kankan. Ó dán an wò nínú ọkọ̀ tirẹ̀, orin dún kíkankíkan. Ó ní kí n gbé e sí 107, pé ibẹ̀ ló ṣófo jù ní Ìbàdàn. Mo dé inú ọkọ̀ tèmi, "ṣáááá" nìkan ni mò ń gbọ́. Mo padà lọ bá a, ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i! Kò dá kọ́bọ̀ padà. Mo lọ ra òmíràn níbòmíràn, èyí tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó ń tan iná aláràbarà, bákan náà ni. Bí wọ́n bá pè mí, àwọn tó pè ń gbọ́ mi fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, wọ́n ní ó dà bíi pé inú ilé ìlọta ni mo wà. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn tiwọn rárá. Ìyá Ìbejì ti wá ń fi kọrin sí mi létí pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo fi ń ra iná aláràbarà.

Ẹ jọ̀ọ́, modulator wo ló dára? Ọkọ̀ mi kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le dáadáa.

Táyọ̀ Mọ́tò
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ wo ni? Ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Rédíò wo ló wà nínú rẹ̀, ṣé ó ní ihò AUX, ihò tí wọ́n ń ki wáyà fóònù bọ̀? Ẹ ò sọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ìyá Adé
Ẹ ra ojúlówó modulator ni o, bàbá. Àwọn gbàrọgùdù ló pọ̀ nígboro. Ti ọkọ mi ń dún dáadáa.

Sẹ́gun Big Daddy
Ẹ má tún ra modulator kankan mọ́. Camry 2003 ni tèmi, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Big Daddy. Kásẹ́ẹ̀tì àti CD ló bá a wá, kò sí AUX. Kásẹ́ẹ̀tì tó ní wáyà lẹ́nu ni mo kọ́kọ́ rà, mo so agba-Bluetooth kékeré mọ́ wáyà yẹn, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ju modulator lọ fíìfíì, torí kò bá ilé-iṣẹ́ rédíò kankan du ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá mo fẹ́ ojú ńlá, mo ra rédíò Android. Rewáyà so ó tán, gbogbo sípíkà dákẹ́ lọ gbári. A ti fẹ́ dá rédíò padà fún ẹni tó tà á. Àṣé sípíkà JBL ló bá ọkọ̀ tèmi wá, amúfáyà rẹ̀ wà lọ́tọ̀, òun ló ń gbé ohùn fún sípíkà. Rewáyà mìíràn ló mọ̀ pé wáyà tó ń jí amúfáyà náà ni wọn ò so. Ẹni bá ní JBL níbí, kó kọ́kọ́ bi rewáyà rẹ̀ bóyá ó mọ èyí kó tó fún un lówó iṣẹ́.

Táyọ̀ Mọ́tò
Ẹ̀gbọ́n Sẹ́gun, bàbá ò sọ pé Camry ni tiwọn.

Àǹtí Tísà
Ẹ forí jì mí, n ó sọ òótọ́. Ta ló ní dandan ni kí èèyàn máa gbé ìpè lórí ìrìn? Òfin ìrìnnà ọdún 2012 ka lílo fóònù nígbà ìwakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ₦4,000 ni owó ìtanràn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn FRSC. Ẹ gbàgbé ti owó ná. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sọdá títì ní ìdájí tí ẹ ń sọ yìí. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pe oníbàárà yín padà. Búrẹ́dì ò ní sá lọ.

Alhaji Ìwó Road
Àǹtí, ibo lẹ fẹ́ kó dúró sí ní Ìwó Road, ní aago méje àárọ̀? Kí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbá a látẹ̀yìn? Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn yàtọ̀ sí ẹni tó fi èjìká há fóònù mọ́ etí.

Àǹtí Tísà
Ọwọ́ wà lórí sítíárìn, ọkàn ńkọ́? Ẹni tó ń ṣírò iye búrẹ́dì tí Ìyá Ṣọ́ọ̀bù fẹ́, ojú títì ló ń wò ni?

Alhaji Ìwó Road
Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń bá èrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé ka wá fòfin de ìyẹn náà?

Ìyá Adé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá bàbá lóhùn. Bàbá, ojúlówó ni kẹ́ ẹ rà.

Bàbá Ìbejì Oníbúrẹ́dì
Àǹtí Tísà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ra búrẹ́dì tó bá kù sí mi lọ́wọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, ìdajì owó rẹ̀ ni. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, nítorí ẹ̀mí náà ni mo ṣe ń wá ọ̀nà tí mi ò fi ní fọwọ́ kan fóònù. Ìyá Adé, èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rà, ṣé kì í ṣe ojúlówó nìyẹn?

Rédíò náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ yìí, kò gbé Splash 105.5 rí, kò gbé Amúlùúdùn 99.1, ìròyìn àárọ̀ tí mo fẹ́ràn kò wọlé. Wọ́n ní éríà ló bàjẹ́, mo ti pààrọ̀ éríà. Ojú rẹ̀ ti kú pẹ̀lú, òǹkà kì í hàn, mo kàn ń tẹ bọ́tìnì lọ ni. Àmọ́ sípíkà rẹ̀ ń dún.

Rewáyà Gate
Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n. Splash ò wọlé, Amúlùúdùn ò wọlé, nínú Ìbàdàn níbí? Éríà kọ́ lẹ máa pààrọ̀. Ibo ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ yẹn wá?

Ọmọ Olúbàdàn
Honda tèmi náà ò gbé nǹkan kan o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì ni rédíò rẹ̀ ti ń bèèrè kóòdù. Ṣé irú tiwọn nìyẹn?

Rewáyà Gate
Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Kóòdù ni kí olè má lè jí rédíò lò. Ẹ wo inú pigeonhole, wọ́n máa ń lẹ ìwé kékeré síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ tẹ bọ́tìnì 1 àti 6 papọ̀, kí ẹ wá tan rédíò. Lára ọ̀pọ̀ Honda, nọ́ńbà rédíò náà á jáde, òun lẹ máa fi gba kóòdù lọ́wọ́ oníHonda. Bàbá Ìbejì, ẹ dá mi lóhùn.

Bàbá Ìbejì Oníbúrẹ́dì
Tókunbọ̀ ni. Mi ò mọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Alhaji, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbèjà mi.

Táyọ̀ Mọ́tò
Bàbá, kí ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà gan-an? A ti ń bèèrè látàárọ̀.

Bàbá Ìbejì Oníbúrẹ́dì
Kòròpe ni, Suzuki Every. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti bá mi yí i sí òsì kí n tó rà á. Iṣẹ́ náà mọ́ dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n yí i. Mi ò rò pé ìyẹn kan Bluetooth ni mi ò ṣe sọ ọ́.

Rewáyà Gate
Ó kàn án, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn!

Ọkọ̀ Japan ni. Rédíò FM tiwa níbí, láti 87.5 dé 108 ni. Ti Japan, 76 ló ti bẹ̀rẹ̀, 90 ló parí sí, àwọn tuntun níbẹ̀ ló dé 95. Rédíò tí wọ́n ṣe fún wọn lọ́hùn-ún ò mọ̀ pé 99 tàbí 105 wà láyé. Ìdí tí ẹ ò fi gbọ́ Splash nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé éríà tuntun lẹ fi sí i. 107 tí ọmọkùnrin yẹn ní kẹ́ ẹ gbé modulator sí, tirẹ̀ ń lọ, tiyín ò lè débẹ̀ láéláé. Modulator méjèèjì ń sọ̀rọ̀, rédíò yín ni kò sí níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ẹ ṣe báyìí lónìí. Ẹ gbé modulator sí 88.3. Ẹ tan orin lórí fóònù, kó máa lọ. Òǹkà ò hàn lójú rédíò yín, nítorí náà ẹ máa tẹ bọ́tìnì rédíò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa dúró díẹ̀, títí orin fi máa bọ́ sí i. Bí ẹ bá bá ilé-iṣẹ́ rédíò kan pàdé níbẹ̀, ẹ sún modulator díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, sí 87.9 tàbí 88.6, kẹ́ ẹ tún wá a.

Sẹ́gun Big Daddy
Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí éríà fún ọkọ̀ Japan, band expander ni wọ́n ń pè é, ó máa ń fa àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lókè wá sísàlẹ̀. Ẹ rà á, bàbá, ẹ ó tún gbọ́ ìròyìn.

Rewáyà Gate
Ẹ̀gbọ́n Sẹ́gun, mo mọ̀ ọ́n, mi ò gba èèyàn nímọ̀ràn rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ló ń di ìwọ̀nba àyè tó kù, òmíràn á gorí òmíràn. Rédíò tí ojú rẹ̀ ti kú, kí lẹ fẹ́ náwó lé lórí?

Sẹ́gun Big Daddy
Ó ṣiṣẹ́ fún àbúrò mi dáadáa.

Bàbá Ìbejì Oníbúrẹ́dì
Ẹ jẹ́ n tètè sọ fún yín! Orin ti jáde! Mo wà nínú ọkọ̀ báyìí, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́, àfi gbàà! Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ jáde wá wò ó. Rewáyà, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Mo ní kí ọmọ pè mí láti inú ilé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete nínú sípíkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan ẹ́ńjìnnì, ó ní òun ò gbọ́ mi mọ́.

Àǹtí Tísà
Ó dùn mọ́ mi nínú pé orin ti jáde, bàbá. Ọ̀rọ̀ mi ò tíì yí padà.

Rewáyà Gate
Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ti ìpè. Máìkì modulator wà lára rẹ̀ níbẹ̀, nínú ihò lítà, nísàlẹ̀, ó jìnnà sí ẹnu yín. Every yín sì rèé, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Máìkì ò níbi tó fẹ́ sá sí. Ilé ìlọta tí àwọn oníbàárà ń gbọ́, ẹ́ńjìnnì yín ni. Kò sí modulator tó máa wo ìyẹn sàn, ó wọ́n ni, kò wọ́n ni.

Ohun tó máa wò ó sàn ni kí máìkì kúrò nísàlẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni sípíkà Bluetooth kékeré tí wọ́n ń há mọ́ pákó tó ń bo oòrùn lókè orí yín. Máìkì àti sípíkà rẹ̀ wà lójú kan, kò bá rédíò da nǹkan kan pọ̀, nítorí náà ti Japan tàbí ti Nàìjíríà ò kàn án. Ọ̀nà kejì, tó dára jù, ni kí ẹ yọ rédíò tó ti kú lójú yẹn, kẹ́ ẹ fi èyí tó ní Bluetooth tirẹ̀ síbẹ̀, tó dé 108, tó sì ní máìkì onífọ́nrán tí wọ́n ń fà gòkè. Ẹ ó gbọ́ Splash, ẹ ó gbọ́ orin, oníbàárà yín á gbọ́ yín.

Bàbá Ìbejì Oníbúrẹ́dì
Ṣé wọn ò ní ba wáyà ọkọ̀ mi jẹ́? Àwọn tó yí sítíárìn ti gé wáyà púpọ̀ níbẹ̀, mo ń rí tépù dúdú lábẹ́ dáṣìbọ́ọ̀dù.

Rewáyà Gate
Ẹ rí i, èyí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà ara ọkọ̀ náà, kó fi tẹ́sítà wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára rédíò tuntun, yẹ́lò ni iná tó ń wà nígbà gbogbo, rẹ́ẹ̀dì ni èyí tó ń wá nígbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, búláàkì ni ilẹ̀. Bí wọ́n bá so rẹ́ẹ̀dì mọ́ ibi tí iná kì í kú, rédíò ò ní pa, ẹ ó jí ní ìdájí ẹ ó bá bátìrì yín ní òkú. Kó fi fúùsì sí i pẹ̀lú. Máìkì, kó gbé e sí ara òpó gíláàsì iwájú, lápá òsì tí ẹ jókòó sí báyìí, kó má jẹ́ kí atẹ́gùn fèrèsé máa fẹ́ sí i.

Alhaji Ìwó Road
Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Àràrọ̀mi ní Gate ni kẹ́ ẹ lọ, bàbá. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání.

Ọmọ Olúbàdàn
Rewáyà, 1 àti 6 ti gbé nọ́ńbà jáde o! Ẹ ṣeun púpọ̀.

Bàbá Ìbejì Oníbúrẹ́dì
Ti orí pákó oòrùn ni n ó kọ́kọ́ rà ná, tí mo bá ti gba owó àwọn Àpẹtẹ̀. Rédíò á di òpin oṣù, kí Ìyá Ìbejì má baà lé mi jáde. Rewáyà, ṣé èyíkéyìí ló máa wọ ihò rẹ̀?

Rewáyà Gate
Rárá o. Ẹ fi rúlà wọn ihò náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ bíi 18 cm ní ìbú, 5 cm ní gíga, ẹyọ kan ló gbà. Bí gíga rẹ̀ bá tó 10 cm, ó gba onílọ́po méjì. Ẹ ya fọ́tò ihò náà àti tépù dúdú yẹn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.