Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi páǹpù háídírọ́líìkì kejì sí kátakátà kékeré

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ mọ kátakátà dunjú, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ yín ni mo nílò. Kátakátà mi kò ju agbára ẹṣin 30 lọ. Páǹpù háídírọ́líìkì tó bá a wá, tó ń ti ọ́ìlì kó lè fún ẹ̀rọ lágbára, ń tú nǹkan bíi lítà 25 ọ́ìlì jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ó tó fún apá iwájú tó ń kó yẹ̀pẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ìlagi ń falẹ̀ gan-an lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ gbé páǹpù kejì sí PTO ẹ̀yìn (ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn kátakátà, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹ̀rọ mìíràn), kó ní tánkì àti fílítà tirẹ̀, kí ọ́ìlì rẹ̀ má bàa dàpọ̀ mọ́ ti gíà. Ìgbà 540 ni PTO ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lọ́ra jù fún ọ̀pọ̀ páǹpù, àfi kí gíábọ́ọ̀sì tó ń mú un yára wà láàárín wọn. Lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ní ìfúnpá 170 bar, yóò gba bí agbára ẹṣin 15, a ò tíì ka èyí tó ń ṣòfò. Ìdajì ẹ́ńjìnnì nìyẹn!

Ooru ọ́ìlì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Báwo ni kí tánkì ṣe tóbi tó? Ṣé dandan ni kúlà tó ń mú ọ́ìlì tutù? Àbí ó sàn kí n so páǹpù mọ́ púlì iwájú ẹ́ńjìnnì? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, níbo lẹ gbé fálùfù tó ń tú ìfúnpá sílẹ̀ sí?