Alẹ́ Kérésì tí mo lò lọ́dọ̀ màmá ní Zamość

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn alẹ́ Kérésì kan fún yín.

Ìlú Lublin ní Poland ni mo ti kàwé. Lọ́dún kejì mi níbẹ̀, ìyá onílé mi ní mi ò ní dá ṣe Kérésì, ló bá mú mi lọ sọ́dọ̀ màmá tó bí i, lábúlé kan lẹ́bàá Zamość. Lálẹ́ tó ṣáájú Kérésì, àwọn ará Poland máa ń fi àyè kan àti àwo kan sílẹ̀ nídìí tábìlì fún àlejò tí wọn ò retí. Ibẹ̀ ni màmá ní kí n jókòó sí.

A ń jẹun lọ́wọ́ ni mo bi wọ́n bóyá ilé yẹn náà ni wọ́n bí wọn sí. Màmá fi ṣíbí sílẹ̀. "Ibí ni wọ́n bí mi sí. Ibí náà ni wọ́n ti lé wa jáde."

Oṣù Kejìlá 1942 ni, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí Jámánì ti gba Poland, màmá jẹ́ ọmọ ọdún 6. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwọn ṣọ́jà Jámánì fi yí abúlé ká. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n fi di ẹrù. Ìyá tó bí màmá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fún màlúù lómi, àwọn ṣọ́jà kọ̀ jálẹ̀. Ó di inú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká ní Zamość, níbi tí wọ́n ti ń ṣa èèyàn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kó ìyá wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Màmá àti ìyá àgbà wọn wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó ẹran, ó di apá ìlú Siedlce, ní Poland náà. Òtútù pa ọ̀pọ̀ ọmọdé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni màmá rá mọ́ títí wọ́n fi dé.

Mo padà lọ kà nípa rẹ̀. Alẹ́ 27 Oṣù Kọkànlá 1942 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn, ní Skierbieszów, abúlé kan lẹ́bàá Zamość. Títí di Oṣù Kẹjọ 1943, wọ́n lé ohun tó ju 100,000 èèyàn lọ ní abúlé bí i 300, nǹkan bí 30,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Àwọn àgbẹ̀ ìran Jámánì láti Bessarabia (tó wà ní Moldova àti Ukraine lónìí) àti ibòmíràn ni wọ́n kó sínú ilé onílé. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ló bí Horst Köhler ní Skierbieszów ní 1943, òun ló di ààrẹ Jámánì ní 2004.

Mo bi màmá bóyá wọ́n ń bínú sí obìnrin ìran Jámánì tó wá gbé ilé wọn. Màmá ní ńṣe ni wọ́n kó obìnrin náà wá, ó fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ níbìkan.

Ìyá wọn padà dé ní 1945. Ilé ṣì wà, tábìlì ṣì wà. Màmá ní títí ìyá àwọn fi kú, ó ṣì ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fún màlúù yẹn lómi láàárọ̀ ọjọ́ náà.