Làkúrègbé mú mi lọ́wọ́, iṣẹ́ aránṣọ ni mo sì ń ṣe

Aránṣọ Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti mọ́, mi ò lè di ìkúùkù, àtàǹpàkò mi kì í sì í wọ ojú sísọ́ọ̀sì mọ́ nítorí pé oríkèé rẹ̀ ti wú. Oníbàárà kan gba aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀lẹ ni mí. Ẹbí ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ń pe àwọn oníbàárà mi lẹ́yìn mi. Mo ti mu àgbo, mo ti fi òrí pa á, mo ti gba àdúrà. Kí ni mo lè lò tí ìrora yìí yóò fi lọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Orúnkún ni tèmi ti mú mi, débi pé ìjókòó ni mo ti ń kírun. Omi gbígbóná ni mo fi ń jó o lálaalẹ́, kí n tó fi òrí ra á. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ sọ ti oníbàárà àti ti ẹbí ọkọ, ẹ kò sọ ọjọ́ orí yín, ẹ kò sì sọ bóyá ọwọ́ méjèèjì ni. Làkúrègbé kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tó ń wá nígbà tí oríkèé bá ti jẹ sábà máa ń mú ìdí àtàǹpàkò àti oríkèé tó sún mọ́ èékánná, líle òwúrọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ló kọjú ìjà sí oríkèé. Ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú, ó lè le ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, tí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ìka lè wọ́.

Alàgbà Ìsẹ́yìn: Ẹ má fi ọsibítù dẹ́rù bà á. Wọ́n fún ìyàwó mi ní methotrexate, ńṣe ni irun rẹ̀ ń já. Àgbo ni kó tẹra mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo oògùn yẹn fún oríkèé, pẹ̀lú folic acid, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Oògùn tó ń gba oríkèé là ni.

Aránṣọ Ìbàdàn: Ọmọ ọdún 38 ni mí, ọwọ́ méjèèjì ni. Mo ti dé ọsibítù kan rí, dókítà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìka mi kó tó kọ oògùn. Kì í ṣe pé mo jókòó lásán o. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò máa ń di àdàlù kan sínú ọ̀rá fún mi. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kéré, ó funfun, tí mo bá sì ti lò ó, mo lè ránṣọ di òru. Ohun tó kù ni pé ojú mi ti kún rọ̀bọ̀tọ̀, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì ń dìde tọ̀ lóru.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ẹ da àdàlù yẹn nù kíákíá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá, Ìyá Ìbejì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí, ó ṣeé ṣe kí èyí tó funfun yẹn jẹ́ dexamethasone tàbí prednisolone, oògùn tó jọ èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe. Ó ń mú kí wíwú fà, ṣùgbọ́n ó lè gbé ṣúgà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí pé ara ti lè dẹ́kun ṣíṣe èròjà tirẹ̀ yẹn, òòyì àti èébì sì lè dá ènìyàn wólẹ̀. Lọ́la, ẹ gbé ọ̀rá náà lọ́wọ́ lọ sí UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ìfúnpá yín wò, kí ẹ sì béèrè fún dókítà tó ń rí sí àrùn oríkèé.

Alàgbà Ìsẹ́yìn: Mi ò mọ̀ pé ó ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ, ọmọ mi.

Aránṣọ Ìbàdàn: Aṣọ ọjọ́ Sátidé ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi yóò bá mi gé e. Ṣé kí n lo ti alẹ́ òní?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó, ẹ má fi kún un, títí dókítà yóò fi sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù. Tí èébì bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró di àárọ̀.