Pátì tí Bàbá Àgbà ò jẹ́ kí n lọ

Ọmọ Ajílété:
Ọdún 1994 ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti wẹ̀, mo ti fi fasilín pa ẹsẹ̀ títí ó fi ń dán, bàtà ẹ̀gbọ́n mi tó tóbi jù mí lọ ni mo kì bọ ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà tí wọ́n ń jẹ láfún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí n wá jẹun, mo ní á gba ibi ire, pé pátì ọ̀rẹ́ mi kan ní Tákìé ni mo ń lọ.

Òkèlè dúró lọ́wọ́ wọn. "Pátì? Ti Ọlọ́pẹ ni àbí ti Dẹmọ?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, pé ọmọ kankan ò ní ṣe pátì nílé yìí mọ́ níṣojú àwọn. Màmá mi sáré jáde láti ilé ìdáná: "Bàbá, ọjọ́ ìbí ni o, ìrẹsì lásán ni wọ́n fẹ́ lọ jẹ." Bàbá mirí: "Ìrẹsì náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tiwa."

Mo sunkún sùn lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí mo dàgbà ló tó yé mi. Ọdún 1962 ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí àwọn ará ilé ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, fọ́ sí méjì: Olóyè Awólọ́wọ̀ lápá kan, Olóyè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, lápá kejì. Nígbà tó di 1964, Dẹmọ, ẹgbẹ́ òṣèlú Akíntọ́lá, dé. Lẹ́yìn ìbò 1965, wẹ́tíẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń da bẹntiróòlù sára ilé àti èèyàn. Bàbá ń ṣe Dẹmọ, àbúrò wọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ń ṣe Ọlọ́pẹ. Títí àbúrò náà fi kú, wọn ò jọ tọwọ́ bọ àwo kan mọ́.

Mo wá yẹ ọ̀rọ̀ "party" náà wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara pars, ìyẹn ìpín, apá kan. Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Ìhà kan nínú ẹjọ́, àwọn tó gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ìyẹn ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́. Ti ìrẹsì àti ijó ò ju nǹkan bí 300 ọdún lọ. (Àwa náà kúkú ní ẹgbẹ́ àti ẹ̀gbẹ́, àmì ohùn kan péré ló là wọ́n.) Bàbá ò kàwé, àmọ́ wọ́n mọ pátì jù mí lọ.

Bàbá Àyàlégbé:
Ìwé tí lọ́yà onílé fún wa fọwọ́ sí kọ ọ́ pé "party" méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan. Ìyàwó mi ní onílé yìí mà dáa o, pátì méjì!

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán:
Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò dá wa dúró, wọ́n ní táàdì pátì, ìwé adójútòfò mọ́tò wa, dà. Ìyá ọkọ mi nahùn láti ẹ̀yìn: "Òde kan péré la ti ń bọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ta ló sọ ọ́ di mẹ́ta?" Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀, síbẹ̀ ó gba ìwé náà wò.

Mo ṣàlàyé fún màmá pé àwa tá a ni mọ́tò ni ẹni kìíní, ilé iṣẹ́ adójútòfò ni ìkejì, ẹni tí mọ́tò wa bá kọlù ni ìkẹta. Pé 5,000 náírà ni owó ìwé náà tẹ́lẹ̀, ó di 15,000 ní 2023.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀ ń sanwó ẹni tí ẹ ò tíì kọlù?"