Ìjẹ́rìí ni, kì í ṣe ìgbọ̀wọ́

Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìtumọ̀ Yorùbá ni pé kí á máa pe fífọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ PGP ẹlòmíràn (kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ dé, tí a sì fi ń fọwọ́ sí i) ní «ìgbọ̀wọ́». Mi ò fara mọ́ ọn; «ìjẹ́rìí» ni mo fẹ́, kí á sì pe ẹni tó ṣe é ní «ẹlẹ́rìí». Bí onígbèsè bá sá lọ, onígbọ̀wọ́ ni yóò san án. Ẹni tó fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ kò dúró fún ìwà ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ kò ju pé kọ́kọ́rọ́ yìí àti orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ẹnì kan náà ló ni wọ́n. Gbájúẹ̀ paraku lè ní kọ́kọ́rọ́ tí igba ènìyàn fọwọ́ sí, kí ẹ̀rí gbogbo wọn sì jẹ́ òótọ́.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Kí ẹni méjì tó pàdé, kálukú á ti tẹ àmì ìdámọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí ìwé, ìyẹn «fingerprint», nọ́ńbà àti lẹ́tà tí a fi ń dá kọ́kọ́rọ́ kan mọ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní «ìtẹ̀ka», ẹni tó ń fi ìka ṣí fóònù á kàn na àtàǹpàkò ni). Inú kọ̀ǹpútà oní-kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ni kó ti mú un, pẹ̀lú àṣẹ gpg --fingerprint ti GnuPG (ètò kọ̀ǹpútà tó ń lo kọ́kọ́rọ́ PGP), kó má lọ wò ó lórí sáfà tí a ń kó kọ́kọ́rọ́ sí fún gbogbo ènìyàn, nítorí ọ̀pọ̀ sáfà ń gba kọ́kọ́rọ́ lórúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á fi ojú wé fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, wọ́n á sì fi orúkọ wé orúkọ. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá.

Ó di ilé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 40 ló wà nínú àmì kọ́kọ́rọ́ ẹ̀dà kẹrin, gbogbo rẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ fi wéra. Ẹni tó bá wo 8 tó kẹ́yìn nìkan ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀: kì í pẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó rí ayédèrú tó bá 8 yẹn mu. Káàdì kò sì lè sọ ẹni tó ni àdírẹ́sì ímeèlì. Nítorí náà, a ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún pa ìfọwọ́sí wa dé, a ó fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì kò ní rí i ṣí.

Ẹnì kan ní «ẹlẹ́rìí» ń rán òun létí ilé ẹjọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn: ohun tó ṣojú ẹlẹ́rìí nìkan ló lè sọ. GnuPG pàápàá, bí ẹ bá fi --ask-cert-level kún àṣẹ, á bi yín bí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò tó, láti 0 dé 3.

Kí á fi «ìfọkàntán» sílẹ̀ fún ìbéèrè kejì: ẹ̀rí lágbájá yìí, ṣé mo lè gbà á? GnuPG á ka kọ́kọ́rọ́ sí ojúlówó bí ẹlẹ́rìí kan tí a fọkàn tán pátápátá bá fọwọ́ sí i, tàbí mẹ́ta tí a fọkàn tán díẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi «onígbọ̀wọ́» sọ gbólóhùn yẹn, kí ẹ wo bí yóò ṣe dàrú.