Max von Sydow: báwo ló ṣe di arúgbó lójú kámẹ́rà?

ÒṣèréSùúrùlérè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ya fíìmù kékeré kan ní Sùúrùlérè, èmi ni màá ṣe bàbá ẹni ọdún 75. Ọmọ ọdún 40 ni mí. Wọ́n ní kí n lọ wo Max von Sydow, òṣèré fíìmù. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n máa ṣọ́?

ÀgbàYábàá: The Exorcist (1973) ni. Ọmọ ọdún 44 ni ọkùnrin Sweden yìí nígbà tó jáde, arúgbó àlùfáà ló sì ṣe. Dick Smith ló kun ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Níbẹ̀rẹ̀, ní Iraq, ó fẹ́ lo oògùn. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú dúró jẹ́ẹ́. Kò tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ, kò máa wúkọ́ kiri. Àṣejù yẹn ló ń ba ọ̀pọ̀ bàbá arúgbó inú fíìmù wa jẹ́.

AkunjúMushin: Ti ojú rèé. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Ẹ fi Vaseline pa irun ojú àti irùngbọ̀n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa já irun nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Ẹnìkan á fa awọ le, ẹnìkejì á fi fóòmù tẹ latex olómi (rọ́bà tó ń mú awọ hunjọ) sí i fẹ́ẹ́rẹ́, á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ. Kí ẹ tó jọ̀wọ́ awọ, ẹ bu àtíkè sí i! Latex a máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Láìsí àtíkè, gbogbo ìhunjọ á dì pọ̀ sójú kan. Ẹ ṣe é ní ìpele 2 tàbí 3. Ooru Èkó ńkọ́? Òógùn á ká a ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu àti imú, torí náà ibi tí kámẹ́rà ti sún mọ́ ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ tọ́ ọ wò ní apá lọ́jọ́ tó ṣáájú; ara àwọn kan kì í gbà á.

ÒṣèréSùúrùlérè: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi nínú ìwé eré kò tó nǹkan.

ÀgbàYábàá: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo The Virgin Spring (1960), tí Ingmar Bergman darí. Bàbá tí wọ́n pa ọmọbìnrin rẹ̀ ni von Sydow ṣe níbẹ̀. Ó lọ bá igi kan tó dá dúró lórí òkè, ó ń fi gbogbo ara tì í títí ó fi wó. Kámẹ́rà jìnnà, ojú rẹ̀ kò hàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà, Extremely Loud & Incredibly Close (2011): kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kọ «bẹ́ẹ̀ ni» sí àtẹ́lẹwọ́ kan, «rárá» sí èkejì. Ẹni ọdún 82 ni nígbà tí wọ́n yàn án fún Oscar lórí rẹ̀.