Kí la máa tẹ̀ lé nínú àwo free jazz ẹlẹ́ni mọ́kànlá?

AráLágèrè:
Mo kí gbogbo ilé o. Àwa mẹ́fà la fẹ́ jókòó gbọ́ Ascension, àwo free jazz (jazz tí kálukú ti ń fọn bó ṣe wá sí i lọ́kàn) ti John Coltrane, afọnsaxophone, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ní yàrá kan ní Lágèrè, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Sípíkà Bluetooth kan ṣoṣo la ní, MP3 ló wà lórí fóònù, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kì í sì í sinmi lálẹ́. Níbi tí gbogbo wọn bá ti ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, a ò mọ ohùn ta ni à ń gbọ́ mọ́. Ṣé ẹ̀rọ ló kù díẹ̀ káàtó ni, àbí etí wa? Kí sì ni ká máa tẹ̀ lé?

OníGbohùngbohùn:
Méjèèjì ni, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tún ti ẹ̀rọ ṣe, torí etí ò lè ya ohun tí sípíkà ti pò pọ̀. Ẹni mọ́kànlá ló wà níbẹ̀: saxophone tenor (èyí tí ohùn rẹ̀ wúwo) mẹ́ta, alto (èyí tí ohùn rẹ̀ ga díẹ̀) méjì, trumpet méjì, dùùrù kan, báàsì méjì, onílù kan. Sípíkà ẹlẹ́yọ kan sábà máa ń da apá òsì pọ̀ mọ́ apá ọ̀tún. Fún orin tí akọrin kan ń léwájú, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n saxophone márùn-ún tí ohùn wọn sún mọ́ra báyìí, wọ́n á bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ yá sípíkà méjì. Kí àlàfo àárín wọn tó mítà méjì, kí ẹni tó jókòó sì jìnnà sí ìkọ̀ọ̀kan ní mítà méjì bákan náà. Ẹ fà wọ́n kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán. Ògiri máa ń wú ohùn ìsàlẹ̀, báàsì méjì á wá di ẹyọ kan tó ń kùn. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ dán máa ń ju ohùn padà, nítorí náà ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì tì í lápá méjèèjì, tàbí kẹ́ ẹ ta aṣọ tó nípọn. Ẹ má jókòó yíká bí ẹni ń jẹun. Ẹ tò tẹ̀ léra ní méjì-méjì láàárín gbùngbùn, torí ẹni tó bá fara ti sípíkà òsì ò ní gbọ́ ti ọ̀tún dáadáa.

Ẹ wo ìwọ̀n fáìlì yín. Ogójì ìṣẹ́jú ní 128 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) jẹ́ bíi 38 MB. Ní 320 kbps, ó tó 96 MB. Cymbal, àwo irin tí onílù ń lù, ni MP3 tó fún jù máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́: ti Elvin Jones, onílù Ascension, á máa ta ṣìì-ṣìì bí òróró gbígbóná tí omi kán sí. Ẹ pa bass boost (èyí tó ń wú báàsì) àti crossfade (èyí tó ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn), kẹ́ ẹ sì rí i pé mono audio (èyí tó ń da òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún) ò ṣí nínú ètò fóònù. Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ má fi ariwo bá a jà. Sípíkà kékeré tí wọ́n ṣí tán ń ya ohùn ara rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ọ lọ́sàn-án.

ỌmọÀyàn:
Ẹ̀gbọ́n ti parí ti ẹ̀rọ. Ní tèmi, ẹ má ti ibi Ascension bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú Free Jazz ti Ornette Coleman, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní New York ní December 21, 1960. Ẹgbẹ́ méjì ni, ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ gedegbe. Òsì: Coleman (alto), Don Cherry (trumpet kékeré), Scott LaFaro (báàsì), Billy Higgins (ìlù). Ọ̀tún: Eric Dolphy (bass clarinet, fèrè olóhùn ìsàlẹ̀), Freddie Hubbard (trumpet), Charlie Haden (báàsì), Ed Blackwell (ìlù). Ẹ fi earpiece gbọ́ òsì nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ọ̀tún, kẹ́ ẹ tó fi méjèèjì sétí. Báàsì ni kẹ́ ẹ dì mú: LaFaro ń sáré lókè, Haden dúró wọ̀ọ̀ nísàlẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó gba ipò láti dá ṣe tirẹ̀, gbogbo wọn á jọ fọn gbólóhùn kúkúrú kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Òpó ọ̀nà yín nìyẹn. Tí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì bá pọ̀ jù, ìgbìyànjú àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, jáde lórí àwo Twins ní 1971.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ascension, June 28, 1965. Gbogbo wọn á jọ fọn, ẹnì kan á dá fọn, gbogbo wọn á tún jọ fọn, títí dópin. Ẹni tó mọ dùndún á tètè mọ bí a ṣe ń ṣe é: gúdúgúdú tí kì í yẹ̀ ni etí kọ́kọ́ ń dúró lé, kí ọ̀rọ̀ ìyáàlù tó yé e. Jones ni kẹ́ ẹ fi ṣe gúdúgúdú yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù tirẹ̀ ń ru bí omi ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń retí ègbè. Coltrane lé gbólóhùn kúkúrú níbẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú ní àsìkò tirẹ̀. Ègbè tó ṣọ̀kan ò ní dé.

AráLágèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ká máa dá a dúró láti sọ̀rọ̀? Báwo la sì ṣe máa mọ tenor mẹ́ta yẹn yàtọ̀ síra?

Ìlódè:
Ẹ má dá a dúró nígbà àkọ́kọ́. Kí kálukú mú ohun èlò kan, kó kọ ìṣẹ́jú tó bá gbọ́ àyípadà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi wéra lẹ́yìn náà. Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbà á sílẹ̀: Edition I ló kọ́kọ́ jáde, Coltrane sì ní kí wọ́n fi Edition II rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí Jones dá ìlù lù nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Edition I ni.

Nínú méjèèjì, àwọn mẹ́rin tó kọ́kọ́ dá fọn ò yí padà: Coltrane (tenor), Dewey Johnson (trumpet), Pharoah Sanders (tenor), Hubbard (trumpet). Sanders lẹ máa fi igbe mọ̀, fèrè rẹ̀ á máa mú ohùn méjì mẹ́ta jáde pọ̀. Archie Shepp, tenor kẹta, ohùn rẹ̀ fẹ̀, ó sì ha, ó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sọnù, ẹ dúró de trumpet Hubbard. Ẹ ó ti gbọ́ ọ lápá ọ̀tún nínú Free Jazz, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kò sì ṣòro dá mọ̀ láàárín wọn.